Owó Ẹgbẹ́

Mo rí rìsíìtì náà lónìí nínú àpò aṣọ funfun mi,
omi ti bà á jẹ́, ó ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà:
owó ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.
Mo rántí bí mo ṣe kùn nígbà tí mo san án.
Mo ní, kí lẹgbẹ́ fẹ́ ṣe fún èmi nìkan ní Òṣogbo,
tí iná ń lọ tó ń bọ̀,
tí mo ń yá tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ẹnu géètì?

Ọdún yẹn ni ìpàdé dé ìlú wa.
Wọ́n ti Ìbàdàn wá, wọ́n ti Kánò wá,
wọ́n kún gbọ̀ngàn òkè kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán.
Mo rò pé a ó jẹ ìrẹsì, a ó ya fọ́tò, a ó túká.
Ìyá Bọ́láníwá, alága wa, ti ilẹ̀kùn.
Ó ṣí ìwé aláwọ̀ búlúù kan:
"Ta ló pàdánù aláìsàn lọ́dún yìí? Ẹ dìde, ẹ sọ ọ́."

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Bàbá kan tó ti fi ogójì ọdún la agbárí
fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Ó ní, "Èmi. Ẹni mẹ́ta.
Lórí ẹnì kẹta, ojú tèmi ló kọ́kọ́ ṣú.
N kò ní mú abẹ mọ́."
Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.
Wọ́n kàn sún àga mọ́ ọn.

Ìgbà náà lẹsẹ̀ mi gbé mi dìde.
Mo dárúkọ Ọ̀ṣúnyẹmí, káfíńtà ará Òkè-Baálẹ̀,
tí ọ̀kadà gbá ní Ọláìyá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Mo mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lábẹ́ agbárí rẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń lu egungun ti kọṣẹ́,
ojú sì ń tì mí láti pe ẹnikẹ́ni.
Ìyàwó rẹ̀ di fìlà rẹ̀ mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.
Wọ́n bi mí: aago mélòó? Ẹyinjú wo ló kọ́kọ́ fẹ̀?
Kí ló dé tí o ò pe ẹnì kan?
Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni mo ń gbé kiri dòní.
Alága kọ Ọ̀ṣúnyẹmí sínú ìwé búlúù, gàdàgbà.
Ó ní, "Bí abẹ mú bí iná, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Kò pé oṣù méjì, ẹgbẹ́ fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́.
Ọkọ̀ èrò ló gbé e wá, nínú àpò ìrẹsì.
Dẹ́rẹ́bà fọwọ́ kàn án, ó bi mí bóyá káfíńtà ni mí.
N kò lè dá a lóhùn.

Òru kan, òjò ń rọ̀, odò Ọ̀ṣun ti ń lá ẹsẹ̀ afárá,
wọ́n gbé Rafátù dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó já bọ́ lórí igi ìṣin.
Ẹyinjú òsì ti fẹ̀.
Ọwọ́ mi lọ síbi abẹ, ó padà, ó lọ síbi fóònù.
Àkànmú gbé e ní Ìlọrin, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀:
"Kí nọ́ọ̀sì gbé mi sétí rẹ. Wá iwájú etí. Má kánjú.
Mo wà níbí. Lu ú. Mo wà níbí."
Ẹ̀jẹ̀ dúdú tú jáde bí àdí.
Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ béèrè ta ló jẹ ìṣin òun.

Kì í ṣe gbogbo orí là ń rí gbà.
Ìwé búlúù ṣì ń gba orúkọ, mo ti kọ méjì sí i láti ìgbà náà.
Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, mo sanwó kí akápò tó béèrè.
Ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo kọ nọ́ńbà mi sí
fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Iléṣà, tó ń ṣe bí ẹni tó gbóyà.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: aago yòówù.