Ṣéńjì Wa ní Ìwòpin

Ọdún mọ́kànlélógún ni kàlẹ́ńdà kan fi wà lára ògiri wa ní Ìpẹru,
oṣù kẹjọ ló dúró sí, a kò ṣí i kọjá ibẹ̀:
ilé funfun lórí àpáta, òrùlé aláró,
òkun bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá.
"Gíríìsì nìyẹn," ni Ṣóètán máa ń wí fún àlejò,
bí ẹni ń júwe ilé àna rẹ̀.
"Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó ìfẹ̀yìntì mi,
èmi àti ìyá yìí, ó dibẹ̀."

Wọ́n san án. Ó pé ọdún méje kí wọ́n tó san án.
Náírà ti rù nígbà náà
bí ajá tí olówó rẹ̀ rìnrìn àjò.
A kan páànù tuntun sórí ilé,
dókítà orúnkún gba tirẹ̀ ní Ṣágámù,
a ka ìyókù lórí ibùsùn lẹ́ẹ̀mejì:
kò lè gbé ẹnì kan kọjá Ìkẹjà.

Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ó ní, "Di ẹrù."
Mo ní, "Ó di ibo?"
Ó ní, "Ibi tí omi wà."

A wọ Máíkírà, àwa mẹ́rin lẹ́yìn,
tíṣà ìtàn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí itan,
èmi pẹ̀lú àpò gaàrí mi,
òjò oṣù kẹjọ ń ta wínníwínní
bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun wí.

Ní Òkè-Ẹ̀rì, a sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà Sùngbọ́.
Ilẹ̀ pupa dìde lọ́tùn-ún, ó dìde lósì,
títí ọ̀run fi di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já.
Orúnkún Ṣóètán ń ké, ẹnu rẹ̀ kò sinmi:
"Òkúta ni àwọn ará Gíríìsì fi mọ odi tiwọn.
Àwa gbẹ́ tiwa ni. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀..."
Ló bá yọ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀kọ́ parí.
N kò rẹ́rìn-ín. Mo fi ìborùn mi nu ìdí ṣòkòtò rẹ̀.

A sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò síná.
Ìkókòrẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà dùn,
ẹ̀fọn ibẹ̀ náà sì jẹun yó.

Ògbẹ̀rẹ̀. Àbígí. Lẹ́yìn náà ọ̀nà tán,
omi bẹ̀rẹ̀.
Omi Ìwòpin kò láró o.
Ó rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí.
Ṣóètán wò ó pẹ́, kò fọhùn,
mo rò pé ẹkún ni yóò sun.
Ó na ọwọ́ sí ọlọ́kọ̀ kan, Ikúomọ́la ni wọ́n ń pè é,
ó ní, "Gbé wa. Ibi tó bá wù ọ́."

Láàárín ọ̀sà, ẹ̀rọ ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú.
Ohun gbogbo pa rọ́rọ́. Ẹja kan fò, ó padà sílé rẹ̀.
Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ:
"N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Ọdún méjìdínlógójì!
Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń ṣèlérí òkun fún mi!
Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ọkọ̀ ń mì,
Ikúomọ́la ń pariwo, "Ìyá, ẹ rọra!"
Omijé ń dà lójú mi. Ó wò mí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín,
kò sì tú ọwọ́ mi sílẹ̀.
A po gaàrí, a fi ẹja yíyan jẹ ẹ́,
títí ẹ̀rọ fi ronú pìwà dà.

Nílé, ó já kàlẹ́ńdà lára ògiri,
ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó mú gègé:
Máíkírà, iye báyìí. Akàn mẹ́ta, iye báyìí.
Ọṣẹ tí a fi fọ ṣòkòtò.
Nísàlẹ̀ pátá: Ikúomọ́la, ó jẹ wá ní igba náírà.
Ó fa ìlà sábẹ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì fi kọ́ sórí ìṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ síta.

Mo ní, "Igba náírà kò lè gbé wa dé Ṣágámù."
Ó ní, "Ṣéńjì wa ni."