Àbùjá sí Etí Odò

Má gba títì, Mọ́rẹ́nikẹ́.
Títì a máa yí po bí onígbèsè tó rí olówó rẹ̀.
Ẹ̀yìn ilé wa níhìn-ín ní Ìkìjà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀,
níbi tí páànù ilé Ṣówèmímọ̀ ti fẹnu kan tiwa.
Fẹ̀gbẹ́ rìn láàárín ògiri méjèèjì,
gbé báàgì rẹ sáyà,
má jẹ̀ẹ́ kí ìgò oògùn kan bíríkì.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa já.
Wàá rí gbogbo àfonífojì lẹ́ẹ̀kan náà:
òrùlé tó ti dípẹtà lórí òrùlé,
àpáta láàárín wọn bí erinmi tó yọ ẹ̀yìn lójú omi,
odò lọ́hùn-ún, tẹ́ẹ́rẹ́,
bí okùn tí ẹnì kan gbàgbé sórí koríko.
Àlejò a máa gbójú sókè wo Olúmọ.
Ìwọ, ilẹ̀ ni kí o máa wò.
Lóṣù keje, òkúta a máa yọ̀ ju ọṣẹ lọ.

Àpáta àkọ́kọ́, wọ́n sá láfún sórí rẹ̀,
funfun báláú.
Má tẹ̀ ẹ́. Gba etí rẹ̀,
kí o sì kí Ìyá Ẹfúnyẹmí, ẹ kú oòrùn,
òun ló ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ láti àárọ̀.
Mo gbẹ̀bí ọmọ mẹ́fà fún un.
Ọ̀kan ò sunkún.
Kò bi mí léèrè rí.

Kí o wá yà sọ́tùn-ún nídìí igi ìyeyè.
Igi náà ò sí mọ́,
wọ́n gé e lọ́dún tí òpó iná fẹ́ dé.
Òpó iná ò dé.
Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí o ti yà,
níbi tí ìyeyè ò sí.
Ẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀.

Ọ̀nà á pín sí méjì.
Èyí tó fẹ̀, àwọn afọ́kúta ló là á,
ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń finá sun àpáta títí á fi sán.
Típà ń kó òkè lọ lójoojúmọ́,
a ṣì ń pe ibẹ̀ ní òkè.
Gba èyí tó tín-ín-rín.
Koríko á máa gbá ọ lórúnkún,
ìrì á wọnú bàtà,
èèmọ́ á rọ̀ mọ́ etí aṣọ rẹ
bí ọmọ tí ò fẹ́ kí ìyá òun ròde.

Tí o bá kan àpáta pẹrẹsẹ, jókòó.
Bó ti wù kí wọ́n máa kánjú tó, jókòó.
Ibẹ̀ ni ọmọ ti mú ìyàwó Látúnjí lóru,
à ń gbé e lọ sókè:
èmi, àtùpà kan, ìyákọ rẹ̀ tó ń ṣàdúrà lódìlódì.
A ò lè rìn mọ́.
Oòrùn ọ̀sán ṣì wà nínú òkúta náà,
ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ènìyàn.
Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ ọ̀hún.
Ó ń wa típà báyìí.
Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé bó bá kan àpáta yìí,
kó jọ̀ọ́.
Ó rẹ́rìn-ín.

Láti ibẹ̀, etí ni kí o tẹ̀lé.
Rélùwéè á fọn lórí afárá Láfẹ́nwá;
apá òsì ìró yẹn lodò wà, ilé mẹ́rin, ọgbà ẹ̀fọ́ kan.
Tí o bá ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́, o ti kọjá, padà.

Àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ:
ọ̀nà tó o gbà lọ náà lo máa gbà bọ̀.
Ọjọ́ míì, òfìfo lọwọ́ rẹ máa bọ̀.
Òkè á wá ga ju bó ti ga lọ.
Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Tó o bá dé ibi tí ìyeyè ò sí, dúró díẹ̀.
Mo máa ń fẹ̀yìn tì í kí n tó gòkè.
Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó yá, dìde. Ṣé bátìrì wà nínú tọ́ọ̀ṣì yẹn?
Máa lọ. Ìrọbí kì í dúró gbọ́ ìtàn.