Ìdí Múdù

Ní Funtua, nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn,
Màláàmù Gambo mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá wọ kíláàsì,
ó ká oṣù kẹta mọ́ oṣù kẹrin, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́,
ó gé e títí ẹnu rẹ̀ àti gíga rẹ̀
fi bá ti agolo mílíìkì kan mu.
Òkòtó nìyẹn.
Ó ní kí n wá bu yanrìn.

Ẹ̀ẹ̀kan: yanrìn sùn sísàlẹ̀ agolo.
Ẹ̀ẹ̀mejì: ó gòkè díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹta: ó kún dẹ́nu, kò ṣẹ́ kù, kò dà sílẹ̀.
Zuwaira tó máa ń sùn la ojú.
"Ìdá kan nínú mẹ́ta," ni Màláàmù wí,
bí ẹni tó ń sọ àṣírí ìdílé rẹ̀.
Ó ní kí olúkúlùkù lọ wọn inú ohun kan nílé.

Zuwaira lọ wọn rúmbù bàbá rẹ̀ àgbà,
amọ̀ róbótó tó dé fìlà koríko.
Èmi wo múdù Bàbá mi, Bùsàrí ọmọ Ọ̀ffà,
tó ti fi í ta ọkà bàbà lábẹ́ dóńgóyárò kan náà
kí wọ́n tó bí mi.

Láti àárín ẹnu rẹ̀ dé etí, sẹ̀ǹtímítà méje.
Ara rẹ̀ lóde, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Méjìlélógún lórí méje, mo pa méje rẹ́:
ẹgbàá ó lé ọ̀ọ́dúnrún àti mẹ́wàá.
Ó wá ku òkìtì tí Bàbá ń kó lé e lórí,
tó ń yọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òkè kékeré,
tí àwọn obìnrin ń tọrọ, "Alhaji, gyárà!",
tí ìyá mi ń pè ní èènì.
Òkòtó ni, mo rí i wàyí. Gíga rẹ̀ mẹ́fà.
Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ.
Bàbá mi lawọ́, mo sì ní ẹ̀rí lórí ìwé.

Ìgbà tí mo ki rúlà bọ inú ni mo gbọ́ kọ̀ǹ.
Méjìlá.
Mo tún un kì. Méjìlá.
Mo dojú múdù délẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti wọnú,
ẹnìkan ti fi òòlù lù ú yíká, pẹ̀lú sùúrù,
òkòtó kejì, tó fara pamọ́ sábẹ́ ọkà.
Gíga mẹ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́jọ.
Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.
Ìdajì èènì Bàbá, ọ̀dọ̀ oníbàárà ló ti kọ́kọ́ bù ú.

Kí ló yà mí lẹ́nu? Òǹkà tiwa náà mọ ìyọkúrò:
ẹ pe mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹ ó gbọ́ ọ̀kan tó dín;
ẹ pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún ti jáde nínú ogún.
Ṣùgbọ́n òǹkà ń jẹ́wọ́ ohun tó yọ.
Múdù kì í sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá ń ṣe àlùwàlá.
"Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"
"Òkòtó, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń wọn inú nǹkan."
Ó rẹ́rìn-ín. "Inú? Ta ló rí inú wọ̀n?"
Mo na ìwé sí i. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iye.
Ojú rẹ̀ dúró lórí mẹ́rìnléláàádọ́jọ.
Omi ń kán láti ìgúnpá rẹ̀ sórí ìwé mi.
"Owó ilé-ìwé rẹ," ló wí, "ibẹ̀ ló wà,"
ó sì lọ kírun.

Agolo mílíìkì ni mo kọ fún Màláàmù.
Ó fún mi ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.
N kò bèèrè ibi tí ọ̀kan lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa,
mo gbọ́ òòlù lẹ́yìn ilé: kọ̀, kọ̀, kọ̀.
N kò mọ̀ bóyá láti inú síta ni,
tàbí láti ìta sínú.
Gyárà ni Hausa ń pe èènì,
gyárà náà ni wọ́n ń pe àtúnṣe.
Mo mú rúlà mi.
Mo dúró kí ariwo náà dákẹ́.