Ọmọ Oṣù Ìjì

Ní Salt Pond, létí òkun Bábádọ́ọ̀sì,
níbi tí ilé pákó ti ń fẹ̀yìn ti ìrèké,
wọ́n ní oṣù kẹsàn-án ló ń bí akọni.
Ẹ wo ògiri ṣọ́ọ̀bù ọtí Gittens:
àwòrán mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gíláàsì wọn ti là.
Clairmonte Yearwood, ọjọ́ kẹta oṣù;
Denzil Skeete, ọjọ́ kọkànlá;
Oswin Alleyne, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, lóru,
nígbà tí atẹ́gùn ń ká páànù òrùlé bí ẹni ń ká ẹní.

Yearwood yìí, tó bá gbé igi kíríkẹ́ẹ̀tì sókè,
ẹja inú òkun á dúró wò ó.
Irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja dúró,
wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìso,
wọ́n á gun igi gbẹ̀rẹ̀fúùtù kí wọ́n lè rí i.
Skeete ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.
Á rìn sẹ́yìn títí o fi máa gbàgbé rẹ̀,
á wá sáré bọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó;
kí o tó ṣẹ́jú,
igi mẹ́ta tí ò ń ṣọ́ ti fọ́n ká.
Alleyne kúrú, ó sanra, ó ń jẹ súwíìtì lórí pápá,
bọ́ọ̀lù kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí
àfi ẹyọ kan ní Kingston,
tó ń ròyìn rẹ̀ títí dòní bí ẹni ń ròyìn òkú.

Bí àwọn ìyá Salt Pond ṣe di oníṣirò nìyẹn.
Ní oṣù Kérésìmesì, àtùpà ń tètè kú níbẹ̀.
Obìnrin tó bá lóyún ní oṣù karùn-ún
á máa fojú pamọ́ bí onígbèsè.
Verna, àbúrò mi, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ògiri
ní òru tó parí oṣù kẹjọ,
ó ní ọmọ kò gbọdọ̀ jáde kí aago tó lu méjìlá.
Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin lé e.
Eyín ló ń yọ fún èèyàn ní Bridgetown báyìí.
Ẹ̀rù bọ́ọ̀lù ń bà á.

Èmi ńkọ́?
Ẹ bá bi Nọ́ọ̀sì Ismay, ká ní ó ṣì wà láyé.
Òru tó gbẹ̀bí Alleyne ló gbẹ̀bí mi,
abẹ kan náà ló fi gé ìwọ́ wa,
ó ń sáré láàárín ilé méjì nínú ìjì
pẹ̀lú bàtà ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Ìyá mi ní èmi ni mo kọ́kọ́ ké.
Àwòrán tèmi kò sí lára ògiri.

Èmi ni mo ń ti rólà.
Ó lé ní ogójì ọdún, kí oòrùn tó yọ,
mo ti wà lórí pápá, mo ń tẹ ilẹ̀ náà
bí ẹni ń lọ aṣọ ìgbéyàwó.
Mo mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ti fò, ibi tí yóò ti rápálá.
Yearwood á bi mí kó tó wọlé:
"Báwo ló ṣe jí lónìí?"
bí ẹni ń béèrè aláìsàn.
Màá ní, "Inú ń bí i díẹ̀ lápá òkun."
Ìyẹn kì í dé inú ìwé ìròyìn.

Oṣù kì í gbá bọ́ọ̀lù.
Oṣù kẹsàn-án yìí náà ló ju òrùlé wa sínú omi,
òun náà ló mú Skeete lọ
nínú mọ́tò rẹ̀, ní kọ́nà oko ìrèké.
Nígbà tí a sin ín, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀.
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Mo lọ ti rólà nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí eré lọ́la.
Alleyne wá bá mi, ó ń tiro,
ó di irin náà mú lápá kejì.
Ọjọ́ ìbí wa ni. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.
Ó fún mi ní súwíìtì kan tó ti yọ́ nínú àpò rẹ̀.
Ó ní, "Òjò ń bọ̀."
Mo ní, "Mo mọ̀."
A sì ń tì í lọ.