Akoto Nọ́ọ̀sì Ṣákírátù

Wọ́n ní kí n wá wo Fẹ́sípà náà, bóyá n ó rà á.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé fún fídáù ogójì ọjọ́,
wọ́n ti pín ìkòkò, wọ́n ti pín ẹní,
ó ku ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ̀ ọ́n gùn.

Ó wà lẹ́yìn ilé, ní Pópó-Òbà, lábẹ́ páànù,
aláwọ̀ ojú ọ̀run tí eruku ti sọ di eléérú.
Mo tẹ ìjókòó rẹ̀, fóòmù mí kanlẹ̀.
Ta ni ì bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní Ẹ̀pẹ́ yìí?
Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Rafíù
èmi ni mò ń fi sáńpépà ha púlọ́ọ̀gì rẹ̀,
èmi ni mò ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù,
bí o bá ṣì í pò, yóò máa rú èéfín
láti etí ọ̀sà títí dé Noforíjà.
Apá ọ̀tún nìkan ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà,
nítorí náà ó máa ń fì díẹ̀, bí ẹni gbé korobá omi.
Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí jíà.
Àwọn ọlọ́kadà ìsinsìnyí, ẹ bi wọ́n wò.

Nọ́ọ̀sì kì í gùn ún bí ọkùnrin ṣe ń gùn.
Ó ń jókòó ni, bí ẹni jókòó sórí àpótí,
báàgì iṣẹ́ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.
Kóòtù òjò rẹ̀, ọkọ rẹ̀ apẹja ló gé e
lára tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹja:
fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òórùn ọ̀sà ò kúrò.
Awò ojú rẹ̀, ti ajórin ni,
bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó di inú àpò.
Orí wá ni wàhálà.
Gèlè ò gba akoto, akoto ò gba gèlè.
Lèmọ́mù ní kó má ṣí orí,
ọ̀gá ilé ìwòsàn ní kó má gùn ún láìdé akoto.
Ó fi ìborùn tín-ín-rín di irun rẹ̀,
ó gbé akoto pupa lé e, ńlá bí igbá gàrí,
ó ní, "Ẹ ò rí i? Orí mi gba ẹ̀yin méjèèjì."

Lóru òjò kan, ó kanlẹ̀kùn.
Wáyà kílọ́ọ̀sì já, ẹnì kan ń rọbí ní Odòmọlà.
Ọ̀gá mi sùn bí òkúta.
Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú,
mo fi okùn àwọ̀n ẹja so ó.
Okùn àwọ̀n! Wọ́n nà mí fún un lọ́jọ́ kejì.
Ó ní, "Ṣé yóò dé ibẹ̀?"
Mo ní, "Yóò dé ibẹ̀, mà. Àbọ̀ ni n ò mọ̀."
Ó rẹ́rìn-ín nínú akoto,
bí ìgbà tí ènìyàn rẹ́rìn-ín sínú àmù.

Ìyálẹ̀ta ló tó padà, ó ń tì í bọ̀,
ẹrẹ̀ dé orúnkún, akoto ṣì wà lórí.
Ẹyin adìẹ méjì ló fi lé mi lọ́wọ́,
ohun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ.
Ó ní, "O ò purọ́."

Mo dá iye kan, wọ́n gbà.
Mo wá bèèrè akoto.
Àkọ́bí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ààrò.
Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dojú sókè, pupa rẹ̀ ti ṣá,
abo adìẹ ọ̀pìpì kan sàba sínú rẹ̀.
Mo nawọ́. Ó fi àgógó gún mi.

Wọ́n ní ṣé kí àwọn lé e?
Mo ní, ọjọ́ mélòó ló ti sàba?
Ọmọdé kan ní mẹ́sàn-án.
Mo fi ìka kà á: ó ku méjìlá.
Mo ti Fẹ́sípà jáde, táyà iwájú ò ní afẹ́fẹ́ rárá.
Mo ní n ó padà wá,
kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sí ààrò yẹn.