Lẹ́búlẹ́bú Abẹ́ Agbọ̀n

Ìwé náà dé láti yàrá àyẹ̀wò l'Ápápá, ojú kan péré.
Pijó 504, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, Ìṣarà Rẹ́mọ.
Níbi orúkọ ẹni tó ni ín,
bàbá mi ṣì ni wọ́n kọ.

Mo mú un lọ bá Odùkálẹ̀ mẹkáníìkì,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn.
"Kà á fún mi," ó wí. "Ojú mi ò gba lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́."
Mo kà: irin, méjìléláàádọ́fà.
Bàbà, mọ́kàndínlógójì. Òjé, mẹ́rìnlélógún.
Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ irin.
Àyà mi já, bí ìgbà tí dókítà bá ní
kí mọ̀lẹ́bí aláìsàn tẹ̀ lé òun dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Odùkálẹ̀ kò dìde.
"Ọ́ìlì yẹn, kìlómítà mélòó ló rìn?"
N kò mọ̀.
"Ọdún mélòó ló fi jókòó sínú ẹ̀?"
Mo ṣẹ́ ìka: ọdún tí bàbá ṣubú ní balùwẹ̀,
ọdún tí à ń gbé e lọ, tí à ń gbé e bọ̀ ní Ṣágámù,
ọdún ìsìnkú, ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí gáréèjì.
Mẹ́rin.
"Ọkọ̀ tí kò rìn a máa dípẹtà láti inú.
Ta ló wọ ẹ̀wù kan fọ́dún mẹ́rin
tí ọrùn ẹ̀wù náà ò pọ́n?"

Mo rántí ìyá mi àti agbọ̀n obì.
Ọkọ̀ yìí kan náà ló ń kó o lọ sí Sábó;
òórùn ewé obì ò tíì kúrò lára ìjókòó ẹ̀yìn.
Ìyá kì í la obì kó tó mọ̀ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́.
Á gbọn agbọ̀n sórí ọ̀rá, á wo lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́.
Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a lè fara dà á.
Díẹ̀ lónìí, ìlọ́po mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,
ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.
Àwa ẹ̀ẹ̀kan péré la gbọn tiwa.

Bàbà.
Àmì kékeré kan ló yà á kúrò lára bàbá.
Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta,
títí Odùkálẹ̀ fi sọ pé bẹ́árì ni o,
kí n má fi ẹkún kà á.

"Ó ku sílíkọ́ọ̀nù. Àádọ́rùn-ún.
Wọ́n ní kí a yẹ fítà atẹ́gùn wò, bóyá erùpẹ̀ ń wọlé."
Ìgbà yẹn ló fa ara rẹ̀ jáde,
ilẹ̀ pupa Ìṣarà lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.
"Alumíníọ̀mù ńkọ́?"
"Mẹ́rin."
Ó rẹ́rìn-ín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
"Erùpẹ̀ kì í dá wá. Bó bá jẹ́ òun ni,
alumíníọ̀mù ìbá bá a gòkè.
Gọ́ọ̀mù ni. Èyí tí mo fi lẹ gáskẹ́ẹ̀tì
lọ́dún tí bàbá yín ní òun ò lówó tuntun.
Mo lẹ̀ ẹ́ yó, bí ẹní ń fi òrí pa ọmọ ìkókó lára."
Ó gba ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.
"Wọ́n tún lè rí ìyẹn láti Àpápá?"

A tú ọ́ìlì náà dànù. Ó dúdú, ó ń fà.
Tí tuntun bá rin ẹgbẹ̀rún kìlómítà,
a ó tún bù díẹ̀ sínú ìgò oògùn ikọ́, a ó tún gbọn agbọ̀n.

Nígbà tí mo ń nu inú ọkọ̀,
mo rí ìwé kan tí bàbá ká ní mẹ́rin,
tó fi há fèrèsé tó ń mì.
Ti ọsibítù ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìlà lórí ìlà,
ó ti lé lọ́dún méje. Pupa wà níbẹ̀ náà.
Kò sí ìwé kejì.

Mo yọ ọ́, mo fi sínú àpò mi.
Fèrèsé ń pariwo títí a fi dé Ìpẹ̀rù.
Odùkálẹ̀ ní kí n wá páálí há a.
Mo ní kó jẹ́ kó pariwo.