Ẹnu Ẹ̀rọ Mélòó?

Kọ̀ǹpútà ń dúró dè mí. Ó ní kí n kọ iye:
nínú ẹnu ẹ̀rọ méjìlélógójì ilé Àlájà Sálámátù ní Òkè-Kúrá,
mélòó ni yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà?
Ìwé ní mẹ́tàlá. Ìwé ní òùngbẹ kì í gbẹ gbogbo ènìyàn pọ̀.

Ẹni tó kọ ìwé yìí kò sùn n'Ílọrin rí
lóṣù ààwẹ̀.
Ìdájí, sààrì ti wọ ikùn,
ládàánì ń wúkọ́ sí gbohùngbohùn,
àlùwàlá sì dé bá gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan,
òkè, àárín, ìsàlẹ̀.

Mo pa mẹ́tàlá rẹ́. Mo kọ ọgbọ̀n.
Páìpù tó ti táǹkì bọ̀ wú kúrò ní íǹṣì kan, ó di méjì,
owó náà wú tẹ̀lé e.
Àlájà pè: “Gàníyù, ṣé odò Asà lo fẹ́ fà wọlé ni?”
Mo ní Bàbá Ràfátù ló wà ní yàrá tó kẹ́yìn lókè,
orúnkún rẹ̀ ò gba kó sọ̀kalẹ̀ wá pọnmi.
Tómi bá tú jáde lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ti dọ́dọ̀ gbogbo wa.
Ó dákẹ́. Ó ní kí n dín in kù sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
A gbà bẹ́ẹ̀.

Omi kì í kọjá lọ́fẹ̀ẹ́;
ìgúnpá páìpù kọ̀ọ̀kan ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo kọ ìyẹn náà sí i, mo tẹ bọ́tìnnì.

Ṣùgbọ́n mo wá a títí,
mi ò rí ibi tí wọ́n ti bi mí pé
ọjọ́ mélòó ni iná kò ní sí,
tí a ó kan táǹkì,
tí yóò dún bí ikùn aláàwẹ̀
lọ́sàn-án gangan.